Ẹ bojú wẹ̀yìn: ìdáhùn fún àwọn tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn létí òkun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Kubwa ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 26 ni mí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lóṣù Kẹwàá, ká máa fẹsẹ̀ rìn létí òkun láti Àgbádárìgì dé Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ká máa sùn ní àwọn ìlú kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà. Ẹnì kan tó ń kó èèyàn rìnrìn àjò ní kí a máa wo òkun, pé ibẹ̀ ni òjò ti ń wá; tí ibẹ̀ bá ti mọ́, ká máa lọ. Ó tún ní òjò á ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, bíi ti Àbújá. Ṣé ó yẹ ká ra rénkóòtù? Ìwé wo la máa mú dání ní bọ́dà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ ra rénkóòtù. Òjò Àbújá kọ́ ni òjò etí òkun. Lọ́dọ̀ wa ní Àbújá níbí, oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ló máa ń rọ̀ jù, ó sì máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ bí oṣù Kẹwàá bá ń lọ sópin. Létí òkun, oṣù Kẹjọ ló máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, á tún wá padà dé lóṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, tòun tìjì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “ẹ máa wo òkun” yẹn ló mú mi jókòó kọ èsì yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi bi mí, inú sì ń bí mi sí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó tún ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Òjò wẹliwẹli oṣù Kẹfà àti Keje lè ti ojú òkun wọlé lóòótọ́. Ti ìjì yàtọ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà yìí, ìlà oòrùn ni ìjì ti máa ń wá, ìwọ̀ oòrùn ló sì ń forí lé. Àwa ará Àbújá mọ̀ ọ́n: láti fèrèsé ọ́fíìsì wa, apá Nyanya, níhà ìlà oòrùn, ló ti máa ń ṣú, kí eruku tó sọ, kí páànù tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ wá wo ọ̀nà yín: Àgbádárìgì, Sẹ̀mẹ̀, Kútọnù, Ouidah, Grand-Popo, ìwọ̀ oòrùn ni gbogbo rẹ̀ kọjú sí. Òkun á wà lọ́wọ́ òsì yín. Ẹ̀yìn yín ni ìjì máa gbà yọ.

Afẹ́fẹ́ ló ń tan èèyàn jẹ. Afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ sí yín lójú; bí ẹ bá bojú wẹ̀yìn tí ẹ rí i tó ṣú, ẹ ó ní afẹ́fẹ́ yìí á gbá a lọ. Kò ní gbá a lọ. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn, tó kún fún omi òkun, ni oúnjẹ ìjì. Ìjì ń fà á mọ́ra bí iná ààrò ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sábẹ́ ìkòkò. Afẹ́fẹ́ mìíràn tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 lókè, tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, ló ń tì í rìn. Ìjì náà lè sáré tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ẹ̀yin pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, 4 tàbí 5 ni. Èyí tó wà ní kìlómítà 25 sí yín, ààbọ̀ wákàtí ló kù.

Ó ṣojú mi létí òkun Àgbádárìgì. Oòrùn ń ràn, òkun ń dán yinrin, àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Àwọn ìyá tó sá ẹja sórí àpò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú agbọ̀n. Kò sí èyí tó wo òkun nínú wọn. Apá ọ̀sà, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, ni wọ́n ń wò. Afẹ́fẹ́ òkun dákẹ́, ooru mú, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù kọ lù wá láti ẹ̀yìn, iyanrìn ń ta wá lẹ́sẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Òjò dé kí n tó di báàgì mi tán.

Torí náà, ẹ máa bojú wẹ̀yìn lemọ́lemọ́, pàápàá lẹ́yìn ọ̀sán. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán: àáyá 3 jẹ́ kìlómítà 1. Bí kò bá pé àáyá 30, ẹ kúrò lórí iyanrìn. Ilé bíríkì tàbí inú mọ́tò onírin ni kí ẹ sá sí, kì í ṣe abẹ́ igi àgbọn tàbí àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Bàtà rọ́bà kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrá. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó jáde. Ọkọ̀ ojú omi tí apẹja bá kọ̀ láti wọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ ti sanwó.

Mi ò lè jókòó sí Àbújá kí n sọ ọjọ́ tí ìjì máa jà fún yín. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú, irọ́ ló pa. Ẹ máa wo àsọtẹ́lẹ̀ NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, láràárọ̀, tí ẹ bá sì ti kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, ti Météo-Bénin. Bí tiwọn àti ti àwọn apẹja ibẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ gba ti ẹni tó ní ewu ń bẹ.

Rénkóòtù tó gùn, tó lè bo báàgì, ni kí ẹ rà. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù di aṣọ àti fóònù. Ní ti bọ́dà, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì yẹn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ tètè lọ gbà á.