Títọ́jú àti títọ́ sìgá Kúbà wò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ láti Ṣàgámù pé wọ́n fi àpótí sìgá Kúbà kan ta yín lọ́rẹ, èyí tí ó ní òrùka ìwé méjì lọ́rùn, tí wọ́n kọ Edición Limitada 2019 (ìyẹn sìgá àkànṣe tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀nba) sí ara èkejì, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ máa fà á báyìí ni tàbí kí ẹ jẹ́ kó gbó sí i. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀kan, nítorí ẹnu yín ni yóò sọ iye ọdún tí àwọn yòókù ṣì nílò.

Ẹ yí àpótí náà padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò rí òǹtẹ̀ tí ó fi oṣù tí wọ́n kó sìgá náà sínú àpótí hàn ní èdè Spéènì, bíi ENE fún oṣù kìíní tàbí AGO fún oṣù kẹjọ, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì tí ó parí ọdún. Òǹtẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi máa ka ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ọdún ara òrùka lè ṣáájú rẹ̀ dáadáa. Ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú sìgá yìí, láti 2007 sì ni gbogbo ewé tábà tí wọ́n fi ń ṣe é, títí kan ewé dúdú tí wọ́n fi bo ara rẹ̀, ti máa ń wà ní ìpamọ́ fún ọdún méjì ó kéré tán kí wọ́n tó wé e. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè tọ́ ọ wò nísinsìnyí láìbẹ̀rù.

Ní ti ìpamọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Àwọn tí ń gbé ní ilẹ̀ òtútù máa ń kọ́ni bí a ṣe ń fún sìgá lómi, nítorí afẹ́fẹ́ ilé wọn gbẹ. Tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ yàtọ̀ pátápátá. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ wa ti ju èyí tí sìgá ń fẹ́ lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá tún rẹ kànrìnkàn sómi, tí ó fi í sínú àpótí, yóò bá sìgá tí ó ti wú, tí awọ rẹ̀ ti ya, tàbí tí ó ti bu. Ike tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin ni mo ń lò, mo sì ń fi àpò Boveda tí wọ́n kọ 65 sí lára (ìyẹn ọ̀rinrin ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún) sínú rẹ̀; ó ń fa ọ̀rinrin tí ó bá pọ̀jù, ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ má ṣe yọ sìgá kúrò nínú àpótí onípákó rẹ̀. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú ike náà.

Ooru ni ọ̀tá kejì, òun ni ó sì burú jù. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ tábà, Lasioderma serricorne, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, tí ẹyin rẹ̀ lè ti wà nínú ewé gbígbẹ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí Sẹ́lísíọ̀sì ni ó bá a lára mu jù, ìyẹn gan-an sì ni ooru yàrá wa ní ọ̀sán. Mo ra àpótí kan rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ó ń kó ọjà rẹ̀ sí yàrá gbígbóná. Nígbà tí mo ṣí i, ìyẹ̀fun tábà ti dà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé sìgá kan sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí àwọn ihò róbótó lára rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Púpọ̀ nínú wọn ni mo dà nù, ó sì dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, gbogbo àpótí tí ó bá wọ ilé mi ni mo ń wé sínú ọ̀rá méjì, tí mo ń gbé sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ kan, kí ó má bàa ti inú òtútù bọ́ sínú ooru lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 18 sí 20 lọ ni ó yẹ ẹ́. Bí iná kò bá dúró, ẹ gbé ike náà sínú kúlà tí a fi ń gbé ẹja dídì, èyí tí kò tíì gbọ́ òórùn ẹja rí, kí ẹ sì tì í sí yàrá tí oòrùn kì í wọ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ má ṣe jẹ obì ṣáájú, mo mọ̀ pé Ṣàgámù ni mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ìkorò rẹ̀ ń jẹ́ kí ohun tí ó bá tẹ̀ lé e dà bí ẹni pé ó dùn. Gàrí Ìjẹ̀bú kíkan náà kò dára ṣáájú rẹ̀. Ẹ gé orí sìgá náà díẹ̀ péré, kí ẹ fà á láìtíì ṣáná sí i, kí ẹ mọ adùn ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣáná sí i, ẹ má ṣe gbé èéfín mì; ẹnu àti imú ni a fi ń tọ́ ọ. Bí òórùn ìtọ̀ àtijọ́ bá ta yín nímú, tí ahọ́n sì ń ta yín títí dé ìdajì, kò tíì gbó, ẹ dé e padà fún ọdún méjì sí i. Bí ó bá jẹ́ kòkó, kọfí àti awọ ni ẹ ń gbọ́, tí ata rẹ̀ sì ti rọ̀, ó ti dé ibi tí èmi fẹ́ràn jù. Bí adùn náà bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń wá a, ẹ fa ìyókù láìpẹ́, nítorí kò ní padà le mọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́ ọ̀kan wò lọ́dọọdún.

Bí ó bá jẹ́ Ojúde Ọba ni ẹ ń fi í pamọ́ dè, ẹ mú kìkì iye tí ẹ óò fà lọ́jọ́ náà jáde, nínú ọ̀rá tí a dì pinpin, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ nílé.