Kí ẹ tó sanwó bọ́ńgálò Ìkòròdú yẹn

Arábìnrin wa, ẹ ní ejẹ́ǹtì sọ pé kí ẹ san ìdajì owó bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta yẹn kíákíá, torí ẹlòmíràn ń gbé owó bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kó máa gbé e bọ̀. Gbogbo ilé tí mo wò kí n tó ra èyí tí mò ń gbé ló ní ẹni tó ń gbé owó bọ̀, n ò sì fojú kan ọ̀kan nínú wọn rí.

Kíṣìnì tí ẹ wò àti balùwẹ̀ tí ẹ fi fóònù yà kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ilẹ̀ abẹ́ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ògiri tó sán ṣe é tún ṣe. Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà, ẹ má sì gbé e fún sọ̀féyọ̀ tí ejẹ́ǹtì bá mú wá. Ẹ wá tiyín. Kó lọ wọn píláà ààlà tó wà nílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó gbé ohun tó bá wọ̀n lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa fún charting, ìyẹn kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ìdí tí mo fi ní kó wọ̀n ọ́n nìyí: ilé kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, sọ́fè rẹ̀ mọ́, kò ní wàhálà kankan. Àfi ìgbà tí sọ̀féyọ̀ mi gbé ẹ̀rọ débẹ̀ tí nọ́ńbà ilẹ̀ ò bá ti ìwé mu. Sọ́fè ilẹ̀ ẹlòmíràn ládùúgbò yẹn ni wọ́n fi lọ̀ mí. Èyí tí ilé wà lórí rẹ̀ gan-an, ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Bí ilé náà bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba fúnni, òfin ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Act ti 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà. Ẹ fi owó ìfọwọ́sí yẹn kún ìṣirò yín láti ìsinsìnyí, kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ ní ọmọ lánlọ́ọ̀dù tó ti kú ló ń tà á. Ibẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ mélòó ni bàbá bí? Ìyàwó mélòó? Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ ogún tí kóòtù fún wọn jáde, kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí títà. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan wà ní London tí ò ní bínú, ẹ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín lórí fídíò. "Not for sale" tó kún ara ògiri káàkiri Èkó, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe.

Ilé gan-an wàyí. Ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kí ẹ mú lọ, bó ti wù kí bírikilà yín gbọ́n tó. Èyí tí mo mú lọ kò tilẹ̀ wo táìsì tó ń dán. Ó fi òòlù kan gbá àwọn òpó láti mọ bí kọnkéré ṣe le tó, ó gun òkè àjà lọ wá ikán lára igi, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ kí òun rí i. Ó wá béèrè ìdí tí ọ̀dà tuntun fi wà nísàlẹ̀ ògiri nìkan tí ti òkè jẹ́ ti àtijọ́. Àwọn tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rinrin ni wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Ibi tó bá sán láti igun fèrèsé, tó hàn nínú tó tún hàn níta, ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ti píláásítà lásán kò tó nǹkan.

Ẹ padà lọ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ejẹ́ǹtì má mọ̀. Ìyá aláàkàrà ní ìkóríta ló fọwọ́ hàn mí lára ògiri, ibi tí omi máa ń dé ní òpópónà wa.

Bí olùtà bá ní àfi kí ẹ fi nǹkan sílẹ̀, àkáǹtì lọ́yà yín ni kó wọ̀, kí ìwé àdéhùn sì sọ pé owó ń padà bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí charting bá burú tàbí ẹnjiníà bá ní ilé ò dára. Ẹni tí mo ra tèmi lọ́wọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i láìjiyàn. Bí tiyín bá kọ̀, ẹ máa wo ilé mìíràn lọ.