Ọmọ Mi Ń Lọ Ṣe Nọ́ọ̀sì Níbi Tómi Ti Ń Dì

Lóṣù tó kọjá la gba lẹ́tà màmá kan, àyè ò gbà wá láti dá a lóhùn, a kàn tẹ̀ ẹ́ jáde báyẹn. Kó tó di òní, àwọn mìíràn ti da tiwọn lé e. Mo bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ti lo ọdún méjì ní Kánádà, ló pè mí pé òun ti ríṣẹ́ síbì kan tí wọ́n ń pè ní La Ronge. Mo ní kí àbúrò ẹ̀ bá mi wá a lórí fóònù, omi àti igbó nìkan la rí. Wọ́n tún ní àwọn Rẹ́ẹ̀dì Índíà ló pọ̀ níbẹ̀. Látijọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ṣé kí n ní kó má lọ ni?
*Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde*

ÈSÌ: Mọ̀mí, ẹ kọ́kọ́ lọ jẹun ná. Èmi náà ti wo máàpù yẹn rí nígbà tí àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní Prince Albert lọ́hùn-ún ní Kánádà, mo mọ ohun tó já yín láyà. Àmọ́ ẹni tó bá wo Ìwópin látòkè lórí fóònù, ṣebí omi àti igbó lòun náà máa rí, kò ní rí ọjà, kò ní rí ìyá tó ń yan ẹja létí omi.

La Ronge wà ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, lápá àríwá, létí adágún kan tí wọ́n ń pè ní Lac la Ronge, adágún ọ̀hún tóbi débi pé erékùṣù tó wà nínú ẹ̀ ju 1,000 lọ. Èèyàn bíi 2,500 ni wọ́n kà nínú ìlú náà ní 2021, Air Ronge wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tòun ti nǹkan bíi 1,100, ilẹ̀ àwọn Cree, ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, sì tún wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọnú ara wọn, àlejò ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ilé ìwòsàn wà, ṣọ́ọ̀bù wà, ọ̀nà ọlọ́dà wà. Prince Albert ló wà nísàlẹ̀ wọn, nǹkan bíi 240 kìlómítà, ìyẹn ju ìlọ́po méjì Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó lọ, igbó ló kún ọ̀tún àti òsì títí tẹ́ ẹ fi máa débẹ̀. Èyí ò ṣeé fi bò fún yín, ó jìnnà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Rẹ́ẹ̀dì Índíà yẹn, ẹ má jẹ́ kó tẹnu ọmọ yín jáde níbẹ̀ o. Cree ni wọ́n, àwọn tó wà lágbègbè yẹn sì ń pe ara wọn ní Nīhithawak. Ẹ máa rí "Indian" lára orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, Lac La Ronge Indian Band, tó ní olóyè àti ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń dìbò yàn, tó sì ń bójú tó ìlú mẹ́fà (ọ̀kan nínú ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni Etí Omi Ìyá Àgbà, ó wù mí gan-an). Orúkọ inú òfin ayé àtijọ́ ni, àwọn lè fi pera wọn, àlejò ò gbọ́dọ̀ fi pè wọ́n. Ṣé ẹ̀yin náà mọ orúkọ tá a máa ń pera wa nílé tí ará ìta bá pè wá bẹ́ẹ̀ ìjà á bẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù nìyí. Iṣẹ́ tí ọmọ yín ń lọ ṣe, kì í ṣe pé ìjọba ń ṣàánú àwọn ará ibẹ̀. Ní 1876, àwọn aṣojú Ọbabìnrin Victoria bá àwọn Cree ṣàdéhùn lórí ilẹ̀ wọn ní Fort Carlton, Treaty 6 ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará La Ronge fọwọ́ sí tiwọn ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1889, Olóyè James Roberts ló ṣojú wọn. Nínú àdéhùn yẹn, àwọn Cree ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpótí oògùn gbọ́dọ̀ máa wà nílé aṣojú ìjọba fún ìlò àwọn. Àpótí oògùn ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí títí dòní tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìlera bá délẹ̀, torí náà tí ọmọ yín bá gbé báàgì ẹ̀ wọlé ìyá àgbà kan láti wọn ṣúgà ẹ̀, gbèsè ló ń bá ìjọba san.

Tí ìyá àgbà yẹn bá wá wò ó tìfura-tìfura lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má bínú. Ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì fi ọ̀pọ̀ ọdún já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí lọ sílé ìwé tí wọ́n ti ń sùn, wọ́n ń lù wọ́n tí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ọ̀kan wà ní La Ronge gan-an, Áńgílíkà ló ń darí ẹ̀, ó jóná ní 1947, wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ sí Prince Albert dípò kí wọ́n dá wọn padà sílé. Ọdún 2008 ni olórí ìjọba Kánádà tó tọrọ àforíjì. Àwọn tó lọ sírú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé, àwọn ló máa jókòó síwájú ọmọ yín.

Kó máa kí wọn, *tānisi* ni wọ́n ń wí. Tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́wọ́ àgbà, tábà ni wọ́n ń mú lọ́wọ́, bá a ṣe ń mú obì. Tó bá sì débi tí wọ́n ti ń ṣètùtù tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, kó ti fóònù bọ àpò, ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ Agẹmọ ò nílò àlàyé ìyẹn.

Ó ku òtútù. Òtútù yẹn burú, mi ò ní purọ́ fún yín. Nínú oṣù Kìíní ó lè tó ogójì sísàlẹ̀ òdo, mọ́tò gan-an wọ́n ń fi wáyà so ó mọ́ iná lálẹ́ bí ẹni ń ṣáàjì fóònù kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Súwẹ́tà Òkè-Àje ò lè ṣe é, ẹ má wulẹ̀ náwó sí i, kó rà á lọ́hùn-ún. Adágún á dì gbagidi, mọ́tò á máa gun orí ẹ̀, ìmọ̀ràn ìjọba wọn ni pé kí yìnyín nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 kéèyàn tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó tó 30 kí mọ́tò kékeré tó gùn ún. Àbúrò mi bá wọn lọ pẹja lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ̀rọ lu ihò sínú yìnyín, ihò ọ̀hún ò ju ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ lọ, wọ́n jókòó tì í, ìgbà tí ẹja jẹ wọ́n fà á jáde wọ́n jù ú sílẹ̀, ó ní kó tó ju ìrù lẹ́ẹ̀mẹta ó ti le bíi Títù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìsà. Ó ní ẹ̀rín pa òun títí omi ojú òun fi fẹ́ dì.

Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ máa kọjá kílẹ̀ tó mọ́, tó bá fi máa di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀. Ẹ fi wákàtí méje sẹ́yìn aago yín, aago tibẹ̀ nìyẹn, Saskatchewan kì í sún aago síwá sẹ́yìn bíi ti Toronto, torí náà aago mẹ́wàá alẹ́ tiyín ni aago mẹ́ta ọ̀sán tiẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ má pè é láago méje àárọ̀ o, òru ọ̀gànjọ́ lẹ ń pè é yẹn, ẹ máa kó jìnnìjìnnì bá a.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju òtútù lọ ni iná igbó. Ní 2015, èèyàn bíi 13,000 ni wọ́n kó kúrò lápá àríwá ìpínlẹ̀ yẹn, ará La Ronge wà níbẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀ sí wọn ní oṣù Kẹfà 2025. Kó di báàgì kékeré kan sílẹ̀ nígbà ooru wọn, páàsìpọ́ọ̀tù, sáátífíkéètì, oògùn, kó má sì jẹ́ kí epo mọ́tò lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó lọ, Mọ̀mí. Ẹ di gàrí Ìjẹ̀bú fún un, kó sọ fáwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pé òun gbé e dání.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè ní Àgọ́-Ìwòyè, lẹ́tà màmá yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn Cree ṣì ń sọ èdè wọn, ṣé ó jọ tiwa níbì kankan?
*Ọmọ Yunifásítì*

ÈSÌ: Àbúrò mi, wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa, Cree wà lára èdè ìbílẹ̀ tí wọ́n ń sọ jù ní Kánádà. Kò sí ìbátan láàárín ẹ̀ àti Yorùbá o, kò lóhùn òkè òun ìsàlẹ̀, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa dùn mọ́ ẹ. "Ó ti dé" tiwa yìí, o ò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ló dé àbí obìnrin, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn, wọn ò pín akọ àti abo. Ẹlẹ́mìí àti aláìlẹ́mìí ni wọ́n ń pín. Òkúta, *asiniy*, wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́mìí. Òyìnbó máa ń yanu tó bá gbọ́ ìyẹn, ẹ lọ bi àwọn tó ń bu epo sórí òkúta nílé wa bóyá ó ya àwọn náà lẹ́nu.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù: "ìyá mi" ni *nikāwiy*. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin tí ìyá mi ní wá ńkọ́? *Nikāwīs*. Ìyá kékeré! Wọ́n kàn sọ ìyá di kékeré báyẹn.

Ẹ̀ka èdè wọn pọ̀. Ará La Ronge máa ní *nītha* fún "èmi", àwọn ti gúúsù tó wà ní pápá á ní *niya*, àwọn mìíràn á ní *nīna*. Wọ́n ń gbọ́ra wọn, bí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, wọ́n á sì máa fira wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n tún ní ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn. James Evans, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní Norway House, ìlú kan ní Kánádà, ní 1840, àwọn Cree kan ní irọ́ ni, pé ẹ̀mí ló fi han ẹnì kan nínú àwọn. Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: mú àmì tó dà bíi V, ᐯ, *pe* nìyẹn. Dojú ẹ̀ dé, ᐱ, ó di *pi*. Kí ṣóńṣó ẹ̀ kọjú sọ́tùn-ún, ᐳ, *po*. Sósì, ᐸ, *pa*. Àmì kan náà lò ń yí kiri, fáwẹ̀lì ń yí pa dà. Ó máa ń wù mí kí wọ́n ti bá wa wá irú ẹ̀, orí mi ì bá má fọ́ lórí àmì ohùn.

CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tó rán Townsend àti Àjàyí Crowther wá sí Abẹ́òkúta ní 1846 náà ló ń ránṣẹ́ sí ẹkùn La Ronge láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí wọ́n kọ́ ní Stanley Mission, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́fà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, láàárín 1854 sí 1860 ṣì wà lórí ìdúró, òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo ilé ìpínlẹ̀ Saskatchewan. Àwa Ìjẹ̀bú ò kúkú gbà wọ́n láyè títí ogun Ìmàgbọ̀n 1892, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, wọ́n ní ìjọba Kánádà máa ń pín owó ọ̀fẹ́ fáwọn èèyàn yẹn lọ́dọọdún. Téèyàn bá fẹ́ ọmọ wọn ńkọ́, ṣé á kàn án?
*Bọ̀dá Sípéàpáàtì, Ṣágámù*

ÈSÌ: Bọ̀dá mi, ẹ jókòó. Owó àdéhùn tí ẹ gbọ́ yẹn, dọ́là márùn-ún ni. Márùn-ún géérégé, fún ẹnì kan, lọ́dún kan. Bó ṣe wà nínú ìwé 1876 nìyẹn, wọn ò tíì fi kọ́bọ̀ kan lé e látìgbà yẹn. Olóyè ń gba 25. Ìgbéyàwó ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú ẹ̀, láti 1985 ẹni tó bá fẹ́ wọn kò lè torí ẹ̀ di ara wọn nínú ìwé ìjọba. Ìyà tó ń jẹ obìnrin wọn kó tó dọdún yẹn tún pọ̀ jùyẹn lọ, obìnrin Cree tó bá fẹ́ ará ìta, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, òbí ẹ̀ wà nínú ìwé, òun ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣákọ́lẹ̀, òye dọ́là márùn-ún yìí á tètè yé yín. Ẹni tó ń dáko sórí ilẹ̀ olówó ilẹ̀ á máa gbé iṣu díẹ̀ wá lọ́dún, kì í ṣe torí kí onílẹ̀ lè yó, torí kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni ilẹ̀ ni. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí owó yẹn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń san án wọ́n á tò, bàbá arúgbó á wà níbẹ̀, ìyàwó ilé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn á wà níbẹ̀, ọlọ́pàá Kánádà á dúró tòun ti kóòtù pupa, wọ́n á ka owó tuntun náà sí wọn lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń gbin ìrẹsì sínú omi tútù yẹn?
*Ìyá Olóúnjẹ, Ìkẹ́nnẹ́*

ÈSÌ: Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ìrẹsì tiwa gan-an, koríko omi kan tó bá a tan ni, èso ẹ̀ gùn ó sì dúdú bí abẹ́rẹ́ tó jóná. Láti ìpínlẹ̀ Manitoba ni wọ́n ti gbé e wá sí Saskatchewan ní bíi 1930 sókè, kí ẹran omi kan tó jọ òkété lè rí nǹkan jẹ, torí awọ ẹ̀ ni wọ́n ń tà. Èèyàn bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹran. Wọ́n ń fi ọkọ̀ omi alábẹ̀bẹ̀ gbá a jọ nígbà tí ooru wọn bá ń parí, bí ẹ bá gbé e kaná ó lè gbà tó wákàtí kan kó tó là. Ọmọ Ìyá Nọ́ọ̀sì ti ṣèlérí àpò kékeré kan fún mi. Tó bá dé, ata Ọ̀fàdà tiyín ni mo máa fi jẹ ẹ́, ẹ tọ́jú irú dè mí.