Kí ló dé tí ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń wọ́n ju tuntun lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń ra ọjà níbi gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjà bá bọ́ lọ́wọ́ mi, owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹlòmíràn fi ń gbà á. Bí mo bá sì rí i gbà, tí mo ṣírò gbogbo owó tán, ó lè wọ́n ju tuntun lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù ni mo ń wá báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Orísun kan náà ni ìṣòro méjèèjì ti wá: ẹnu gbàǹjo lẹ dé kí ẹ tó máa pinnu iye tí ẹ fẹ́ san. Ó yẹ kí iye yẹn ti wà lórí ìwé kí ẹ tó fowó lé ohunkóhun.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye tí irú rẹ̀ ti tà ní tòótọ́. Iye tí ọlọ́jà ń pè, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lórí eBay, ìkànnì gbàǹjo ńlá nì, ẹ wá ọjà náà, kí ẹ sì fàmì sí "Sold items" (àwọn ọjà tó ti tà). Ẹ wo bíi mẹ́wàá tó tà kẹ́yìn, ẹ mú iye tó wà láàárín. Ká ní 90 dọ́là ni. Ẹ yọ 12 fún owó ìfiránṣẹ́, ẹ yọ 18 fún bátìrì, nítorí bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù kì í sábà pẹ́ kó tó kú. Ó ku 60. Àwọn ilé gbàǹjo kan tún máa ń bu nǹkan lé iye tí ẹ fi borí. Bó bá jẹ́ 20%, ẹ má yọ 20% nínú 60 o, 1.2 ni kí ẹ fi pín in. 50 ló máa jẹ́, torí 20% orí 50 jẹ́ 10, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 60. Tí ọjà bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ yọ owó kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Ibi tí ìṣírò bá parí sí, ibẹ̀ ni òpin yín.

Òpin yìí gan-an lẹ máa kọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí eBay, iye tí ẹ kọ kọ́ ni ẹ máa san. Ẹ̀rọ ló ń bá yín fi owó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé ibẹ̀. Bí ẹ bá kọ 50, tí ẹni tó tẹ̀lé yín kọ 41, 42 lẹ máa san, torí láti 25 dé 99.99 dọ́là, dọ́là kọ̀ọ̀kan ló fi ń gòkè. Ẹni tó jókòó tó ń fi dọ́là kan kan lé e, ìjà ló ń jà, kì í ṣe ọjà ló ń rà. Ní ti owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń borí yín: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró sórí 50 géérégé, bí iye méjì bá sì dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ló ni ín. Nítorí náà, ẹ fi sẹ́ǹtì díẹ̀ lé òpin yín: ẹ kọ 50.37.

Ìgbà wo ni kí ẹ kọ ọ́? Lórí eBay, aago gbàǹjo kì í sábà sún síwájú, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó kẹ́yìn ló dára jù. Bí ẹ bá tètè kọ ọ́, ẹ ti fi han àwọn yòókù pé ọjà náà níye lórí, ẹ sì ti fún wọn láyè láti ronú. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, Alvin Roth àti Axel Ockenfels, tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé àṣà fífowólé ní ìparí pọ̀ gan-an lórí eBay ju lórí gbàǹjo Amazon ìgbà náà lọ, níbi tí aago ti ń sún síwájú bí ẹnikẹ́ni bá fowó lé e ní ìparí. Torí náà, ẹ ka òfin ìkànnì náà. Bí aago rẹ̀ bá ń sún, pípẹ́ kọ kò ṣe àǹfààní kankan. Ẹ ti wọlé sínú àkáǹtì yín ṣáájú, kí ẹ sì mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì tó ń fà lè gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wo àwọn tó ń bá yín du ọjà. Bí ẹnì kan bá ń fowó lé ọjà ọlọ́jà kan ṣoṣo nígbà gbogbo, tí kì í sì í borí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọlọ́jà fúnra rẹ̀ tàbí èèyàn rẹ̀. Ó lè tì yín dé òpin yín, àmọ́ kò lè tì yín kọjá rẹ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà ya fọ́tò mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ó tàn án, kí ojú rẹ̀ dé ibi tí a ti ń lò ó, pẹ̀lú bébà tí ó kọ ọjọ́ òní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dúró síbi tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó tàn, ẹ jù ú sílẹ̀. Èkejì, kí ó pa á dé, kí ó gbé e lé tábìlì tó tẹ́jú, kí ó yà á láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ń mì, tí ìdérí rẹ̀ kò pàdé dáadáa, tàbí tí ibi tí a ń fìka pa lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù ga sókè, bátìrì ti wú nínú rẹ̀, ó sì léwu. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́jà tó bá sì kọ "untested" (a kò dán an wò) sára ohun tó ń lo iná, ẹ gbà pé ó ti dán an wò, kò sì tàn. Iye ẹ̀yà ara lásán ni kí ẹ dá fún un.

Bí ẹ ò bá borí, tí ẹnì kan wá fi ímeèlì sọ pé ẹni tó borí kò sanwó mọ́, pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí báńkì òun, ẹ má dá a lóhùn. Ìpè tòótọ́ pé kí ẹ wá ra ọjà náà máa hàn nínú àkáǹtì yín lórí ìkànnì náà, ibẹ̀ náà lẹ sì ti máa sanwó, torí ààbò tí wọ́n ń fún olùrà kò kan owó tó bá gba ìta. Bí ẹrù bá dé, ẹ fi fóònù ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u, ẹ tàn án, kí ẹ sì dán gbogbo ihò rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà: lórí eBay, 30 ọjọ́ péré lẹ ní láti fi ẹjọ́ sùn lẹ́yìn tó dé pé ọjà kò bá àpèjúwe mu.