Pákó tàbí kárò: kí ni ká tẹ́ sí ilẹ̀ ilé wa ní Àjàṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń kọ́ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kò jìn sí ọ̀sà. Pálọ̀, ilé ìdáná àti yàrá ìyá ọkọ mi, tó ti lé ní 70 ọdún, ló wà nísàlẹ̀. Àwa àtàwọn ọmọ yóò máa sùn lókè. Ọkọ mi fẹ́ pákó jákèjádò ilé, ó ní kárò (táìlì) tutù, ó sì le lẹ́sẹ̀. Mọlémọlé wa ní kárò ni, pé ikán ni pákó ń wá. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ìyá mi. Kárò ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀. Ọkọ yín lè ní pákó tiẹ̀ lókè.

Omi ni mo fi ń dá ẹjọ́ yìí. Létí ọ̀sà, omi kò jìn nínú ilẹ̀; ẹ bi ẹni tó bá gbẹ́ kànga ládùúgbò yín. Sìmẹ́ńtì tí a dà sílẹ̀ kì í dí omi náà pa, ńṣe ló ń fà á gòkè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Kárò kò ka ìyẹn sí. Pákó ni yóò mu ún, yóò wú, etí rẹ̀ yóò gbé sókè, nígbà tí kò bá sì ráyè mọ́, yóò ru sókè láàárín yàrá. Ibi tó bá sì ti lọ́rinrin ni ikán ń fẹ́. Ojú sísán tínrín nínú sìmẹ́ńtì ti tó wọn láti gbà wọlé, abẹ́ ni wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́, tí ojú pákó ṣì ń dán.

Bí ọkọ yín bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kí ó gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ìdajì mítà, kí ó tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀, kí ó fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá, tàbí tí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ dúdú, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Bó bá gbẹ lásìkò ọ̀yẹ́, ẹ tún un ṣe ní oṣù kẹfà tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló jẹ mí lógún jù. Kárò dídán bíi díńgí tí gbogbo ènìyàn ń rà fún pálọ̀ léwu púpọ̀ fún àgbàlagbà: omi díẹ̀ lára rẹ̀, ìyá ṣubú, egungun ìbàdí ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra irú rẹ̀. Ẹ wá èyí tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ R10 sí i (R yìí ló ń sọ bí kárò ṣe ń di ẹsẹ̀ mú tó), ó dára fún ilé ìdáná. R11 ni kí ẹ wá fún ilé ìwẹ̀. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan, ẹ da omi sí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i. Nínú ilé ìwẹ̀, kárò kéékèèké ló sàn, torí pé ìlà àárín wọn máa ń di ẹsẹ̀ mú. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ dà sí ojú ihò omi ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì nínú mítà kan. Ní ti títutù, ẹ tẹ́ ẹní tó ní rọ́bà lábẹ́ síwájú ibùsùn Màmá.

Ẹ ra kárò tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e. Kí nọ́ńbà ara páálí wọn bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ lè yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí mọlémọlé kó sìmẹ́ńtì jọ sáàárín kárò nìkan: abẹ́ rẹ̀ yóò ṣófo, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ àga bá sì tẹ igun rẹ̀, ó ti fọ́. Àtè kárò ni kó fi irin eléyín tẹ́ kárí, kó tún fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn kárò ńlá. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi owó kọ́ìnì kàn án níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, kí ó tún un ṣe.

Òkè wá ńkọ́? Ibẹ̀ gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, kọ́ sí Àjàṣẹ́, pákó ni wọ́n tẹ́ sókè. Tíìkì, ìrókò tàbí apá ni kí ẹ wá, kí ó jẹ́ àárín igi nìkan, torí pé ibi funfun tó súnmọ́ èèpo ni kòkòrò ń kọ́kọ́ jẹ. Kí pákó náà gbẹ dáadáa, kí ó sùn nínú yàrá yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí káfíńtà tó kàn án, kí ó sì fi àyè sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ létí ògiri. Ká ní Ṣábẹ lápá àríwá ni ẹ wà, tí ọ̀yẹ́ ti máa ń le ju tibí lọ, mi ò bá sọ fún yín pé kí ẹ retí kí àárín pákó la díẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé ìwẹ̀ òkè, kárò ni. Pákó àfiṣe tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá, kódà lókè; ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí ọmọ gbàgbé láti tì ti tó láti bà á jẹ́.