Ṣé lóòótọ́ ni 2147483647 jẹ́ prime?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù ni. Òǹkà kan tí mo ṣe kà dé 2147483647; bí mo ṣe fi 1 kún un, ló bá di nọ́ńbà abẹ́ òdo. Ọ̀rẹ́ mi ní prime ni nọ́ńbà yẹn, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí nǹkan kan kì í pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti ara ẹ̀. Ṣé torí ẹ̀ ni òǹkà mi fi dúró síbẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò láìfi gbogbo nọ́ńbà pín in?

Ìdáhùn: Rárá, kì í ṣe torí ẹ̀. Bíìtì 32 (bíìtì kan jẹ́ àyè tó ń gba 0 tàbí 1) ni kọ̀ǹpútà yín yà sọ́tọ̀ fún òǹkà náà. Ọ̀kan ń sọ bóyá ó wà lókè òdo tàbí lábẹ́ ẹ̀, 31 ló kù fún kíkà, 2^31 − 1 (2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a sọ dipúpọ̀ pọ̀, ká wá yọ 1, ìyẹn 2147483647) sì ni ibi tí agbára wọn mọ. Pé ó tún wá jẹ́ prime, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Òǹkà oníbíìtì 16 ń parí sí 32767, ìyẹn 7 × 31 × 151. Ti oníbíìtì 64 náà, 7 pín in láìṣẹ́kù.

Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ ṣá o. Bí nọ́ńbà méjì bá para pọ̀ di 2147483647 nípa ìsọdipúpọ̀, ó di dandan kí ọ̀kan má ju 46340 lọ, nítorí 46341 × 46341 ti kọjá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2. Tí ẹ bá dé 46340 tí ẹ kò rí èyí tó pín in, ó parí. Kọ̀ǹpútà á ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Euler, onímọ̀ ìṣirò, kò ní kọ̀ǹpútà ní 1772 tó fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀, ojú ẹ̀ gan-an kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé prime yòówù tó bá máa pín 2^31 − 1, tí a bá fi 62 pín prime ọ̀hún, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Tí a bá fi 8 pín in, 1 tàbí 7. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: tí a bá fi 248 pín in, 1 tàbí 63 ló máa ṣẹ́kù. Láti 2 dé 46340, irú ẹ̀ kò ju 373 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe prime fúnra wọn. 63 kọ́, 249 kọ́ (3 × 83 ni). 311 ni àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn dán wò. Èyí ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà: bí wọ́n ṣe kọ́ nọ́ńbà ọ̀hún ló fúnra ẹ̀ lé àwọn tí kò lè pín in dànù.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ní pínpín káàkiri nínú, ti Lucas àti Lehmer, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì. Ẹ mú 4, ẹ sọ ọ́ dipúpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, ẹ yọ 2 kúrò, ẹ fi 2147483647 pín in, kí ẹ mú ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyókù yẹn títí á fi pé ìgbà 29, ìyẹn 31 − 2. Tó bá já sí òdo, prime ni. Ẹ kọ́kọ́ fi 31, ìyẹn 2^5 − 1, dánra wò: ìgbà 3 péré (5 − 2) ni tiẹ̀, 4 á di 14, 14 á di 8, 8 á di 0.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan nínú kóòdù yín. Ká ní n ni nọ́ńbà tí ẹ ń yẹ̀ wò, i sì ni èyí tí ẹ fi ń pín in. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé kí lúùpù (apá kóòdù tó ń tún ara ẹ̀ ṣe) máa lọ níwọ̀n ìgbà tí i * i kò bá ju n lọ, tí i sì jẹ́ oníbíìtì 32, bó bá ti kan 46341, i * i náà lè bọ́ sábẹ́ òdo bíi ti òǹkà yín, lúùpù kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró. Ẹ lo oníbíìtì 64, tàbí kí ẹ kọ ọ́ ní i <= n / i.