Ṣé òótọ́ ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ti jẹ́ ìlú kẹta tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà rí?

Òótọ́ ni. Nínú ètò ìkànìyàn 1952, Ìbàdàn ló ṣáájú, Èkó tẹ̀ lé e, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ṣe ìkẹta ṣáájú Kánò. Ní 1963, Èkó ti gba iwájú. Ẹni 319,881 ni wọ́n kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí (àríyànjiyàn pọ̀ lórí ìkànìyàn yẹn). Ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ lápapọ̀ kò pé 300,000. Èkó ní èbúté, Kánò sì di olú ìlú ìpínlẹ̀ ní 1967, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa gba ọ̀nà Jos àti Gánà lọ ṣòwò, débi pé títí dòní, nínú agbo ilé wa, yàrá tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀ títí di àsìkò ọdún kò lóǹkà.